Oyún Ẹ̀yìn Tí Kì í Ṣe Oyún

Ẹ̀yin obìnrin ẹlẹgbẹ́ mi, bí ojú yín bá ń kún, tí ikùn yín ń yọ, tí àwọn èèyàn sì ń kí yín kú oríire, ẹ má tíì dáhùn. Ẹ kọ́kọ́ wo ẹsẹ̀ yín. Bí ojú bá ń kún tí ẹsẹ̀ ń tín-ín-rín, nǹkan kan wà nínú ara tí kò ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ. Mo gba kíkí oríire yẹn fún ohun tó lé ní ọdún kan, ó sì kù díẹ̀ kí wọ́n fi sin mí. Ìwé tí mo kà kò pọ̀, nítorí náà bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ ni mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Abúlé wa kò jìnnà sí Akanran. Oko kòkó ni ọkọ mi, Bàbá Mùsílíù, ń ṣe. Èmi ń ta bàsíà àti abọ́ tánganran. Ní àsìkò kòkó ni mo máa ń rù wọ́n láti abúlé dé abúlé, nígbà tí owó bá wà lọ́wọ́ àgbẹ̀, tí ìyàwó rẹ̀ sì mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Mùsílíù nìkan ni ọmọ tí mo bí. Ó ti di géńdé, a ò rí àbúrò rẹ̀. Ìyá ọkọ mi, tí gbogbo abúlé ń pè ní Ìyá Àgbà, kì í bú mi nítorí ìyẹn. Àdúrà ló máa ń gbà lé mi lórí, àdúrà náà á sì gùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi máa ń rò ó pé ì bá kúkú bú mi.

Ìdìde ló kọ́kọ́ di ìṣòro fún mi. Mo lóṣòó ní abúlé kan láti tú ẹrù fún oníbàárà, a nájà tán, mo fẹ́ dìde, itan mi kọ̀. Kò dùn mí, kò ro mí, ó kàn kọ̀ ni. Ó dà bí ẹni pé wọ́n ti yọ itan tèmi lọ, wọ́n wá fi ti ẹlòmíràn dí i.

Oníbàárà náà wò mí títí. Ó ní, “Ìyá Mùsílíù, ṣé ẹ fẹ́ sùn síbí ni?”

Mo ní, “Mò ń dúró kí o ra ìkejì ni.”

Ó rà á. Ó fà mí dìde pẹ̀lú. Mo rẹ́rìn-ín dé ilé, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, mi ò lóṣòó mọ́ níbi tí kò bá sí ohun tí mo lè dì mú.

Lẹ́yìn náà ni oorun sá. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ojú mi á là kedere bí ẹni jẹ obì. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí àwọn èèyàn ń dìde, ara mi á wó. Ojú mi bẹ̀rẹ̀ sí í kún, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi yọ bí ti afunfèrè, ikùn mi yọ síwájú, ọrùn mi wọlé lọ. Ní ọjà Akanran, kíkí ni wọ́n ń kí mi. “Ìyá Mùsílíù, ọjà mà ń tà o.” “Ìyá Mùsílíù, ọkọ yín mà ń tọ́jú yín.” Bàbá Mùsílíù tí kò mọ ohunkóhun nípa rẹ̀ ń rìn láàrin abúlé bí ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ gún mi bí iyán. Ìgbà tó ṣe, ara mi ò gba ìfọwọ́kàn mọ́. Bí etí bàsíà bá gbá mi lápá, ibẹ̀ á ṣẹ̀jẹ̀, á dúdú. Ni àwọn obìnrin kan bá pe ọkọ mi sí kọ̀rọ̀, wọ́n bẹ̀ ẹ́ pé kó yéé lù mí. Ọkùnrin tó jẹ́ pé bí mo bá bínú, òun ló ń sá lọ sóko.

Nǹkan oṣù mi wá dúró. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n kí ni èèyàn fẹ́ fi pa mọ́ fún ìyá ọkọ? Ìyá Àgbà pè mí síwájú, ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀.

“Ó ti tó ìgbà wo?”

“Ó ti pẹ́ díẹ̀, Ìyá.”

Ó ní, “Alihamudulilahi,” ó sì fi iwájú orí kanlẹ̀ síbi tó jókòó sí.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti di ẹyin. Wọn ò jẹ́ kí n gbé ẹrù, wọn ò jẹ́ kí n gbálẹ̀. Àgbo aboyún ń bọ̀ láti ọwọ́ Ìyá Àgbà ní àárọ̀, omi hántú tí àáfà kọ sí wàláà, tó sì fọ̀ fún mímu, ń bọ̀ láti ọwọ́ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní alẹ́, inú ikùn mi ni àwọn méjèèjì ti ń pàdé. Ìgbà tí irùngbọ̀n hù sí mi lágbọ̀n, tí mo fi aṣọ bò ó tí mò ń sunkún, Ìyá Àgbà ní kí n má sunkún mọ́, pé ó túmọ̀ sí pé ọkùnrin lọmọ náà.

Ìgbà ìbímọ dé, ó kọjá. Ọmọ ò ta, ọmọ ò yí. Ìbẹ̀rù ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ilé wa, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fẹ́ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tó máa sọ ọ́. Ọjọ́ kan ni Ìyá Àgbà ń bá mi fọ ẹ̀yìn, ọwọ́ rẹ̀ bá dúró lára ẹran kan tó gbé kalẹ̀ sí ìdí ọrùn mi, láàrin èjìká méjèèjì. Ó tẹ̀ ẹ́ wò.

Ó ní, “Mo ti rí i. Oyún ti sá sẹ́yìn.”

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà nílẹ̀ wa mọ ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ní oyún tó bá rí ewu níwájú máa ń sá lọ sẹ́yìn, á lúgọ síbẹ̀ títí ẹni tó mọ̀ ọ́n pè yóò fi pè é padà. Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, mo gbà á gbọ́. Kí ló dé tí mi ò ní gbà á gbọ́? Ọmọ ni mò ń fẹ́. Mo tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀gbẹ́ sùn, kí n má baà fi ẹ̀yìn tẹ ọmọ mi pa.

Wọ́n mú mi kọjá Ìbàdàn lọ sí ẹ̀bá Ìrókò, sọ́dọ̀ bàbá kan tí wọ́n ní ó mọ oyún ẹ̀yìn dá padà. Òrí ló fi ń pa mí lẹ́yìn láràárọ̀, tí á máa ti ẹran náà síwájú bí ẹni ń da àgùntàn. Èèyàn dáadáa ni, kì í pariwo. Ṣùgbọ́n awọ ara mi nígbà náà ti fẹ́lẹ́ bí awọ àlùbọ́sà. Ọwọ́ rẹ̀ bó mi lẹ́yìn, egbò náà sì kọ̀, kò jinná. Ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í rùn, ọkọ mi wá kó mi, kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó mú mi lọ sí mátánítì tó wà ní Akanran kí wọ́n bá wa wẹ egbò. Ìyá Àgbà tẹ̀lé wa.

Obìnrin onígbàgbọ́ kan ló ń ṣe agbẹ̀bí níbẹ̀, Ìyá Mátánítì ni gbogbo wa ń pè é. Ó wẹ egbò náà tán, ó ní kí n yí ojú sókè. Ó tẹ ikùn mi, ó fi ìwo rẹ̀ gbọ́ ọ, ó so nǹkan mọ́ mi lápá, ó fẹ́ ẹ, ojú rẹ̀ sì yí padà.

“Ìyá Mùsílíù, kò sí ọmọ níbí.”

Ìyá Àgbà ní, “Ẹ wo ẹ̀yìn.”

“Ìyá, mo ti wò ó. Kò sí níbẹ̀ náà. Ilé ọmọ kò ní ilẹ̀kùn ẹ̀yìn.”

Ìyá Àgbà ní kí n dìde kí a máa lọ, pé onígbàgbọ́ ni obìnrin yìí, kò lè rí ọmọ Mùsùlùmí.

Ìyá Mátánítì kò bínú. Ọkọ mi ló kọjú sí. Ó ní, “Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń sá bí ẹni tí ajá ń lé. Ojú yẹn kì í ṣe ojú ẹni tó sanra. Bí ẹ bá pẹ́ kí ẹ tó gbé e lọ sí ọsibítù ńlá n'Íbàdàn, ẹ lè sọ ọ́ nù.”

Ìgbà náà ni mo sunkún. Kì í ṣe nítorí ikú. Ọmọ tí mo ti ń fi ẹ̀yìn gbé láti ọjọ́ yìí, wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi, mi ò sì rí ojú rẹ̀.

Nílé, ìjà dé. Ìyá Àgbà ní bí a bá lọ sí Ìbàdàn, wọ́n á la inú mi, ọmọ á bàjẹ́. Àwọn mọ̀lẹ́bí ọkọ mi gbè é. Bàbá Mùsílíù kì í sọ̀rọ̀ níwájú ìyá rẹ̀, mo ti rò pé ó ti parí fún mi nìyẹn. Ṣùgbọ́n ó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ bí ọmọdé.

Ó ní, “Ìyá, ọmọ tí ẹ̀ ń wí, mi ò rí i. Ẹni tí mo rí ni mo fẹ́ gbé lọ.”

A wọ bọ́lẹ̀kájà ní ìdájí. Ìlà tó wà ní ọsibítù náà, bí ẹ bá dé ìdí rẹ̀ ẹ ò ní rí orí rẹ̀. Obìnrin tó wà níwájú mi wo ikùn mi, ó bi mí ìgbà tí mo máa bí. Mo ní mi ò ní bí. Ó rọra sún kúrò lára mi. Ọjọ́ àkọ́kọ́, oòrùn wọ̀ kó tó kàn wá, wọ́n ní ká padà wá. A padà, wọ́n tún ní ká padà. Nítorí owó ọkọ̀ àti oúnjẹ, mo kó bàsíà mi fún ẹni tó mọ̀ pé ó ká mi mọ́, ó sì rà wọ́n ní pọ́ọ́kú bí ẹni tó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ mọ èyí kí ẹ tó lọ: ẹ múra ẹsẹ̀, ẹ múra oúnjẹ, kí ẹ sì mú ẹni tí kò ní bínú tẹ̀lé yín. Ẹ má padà sílé nítorí ìlà.

Nígbà tí wọ́n wá fún mi ní bẹ́ẹ̀dì, àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ dókítà ń wá wò mí ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́. Wọ́n yí mi ká, wọ́n tẹ̀ mí, wọ́n yí mi padà, wọ́n sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀, wọ́n lọ. Mo sọ fún nọ́ọ̀sì pé láti ọjọ́ tí mo ti ń tajà, mi ò rí irú ìnájà báyìí, kò sẹ́ni tó rà. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára mi ní àárọ̀, wọ́n tún gbà á ní alẹ́. Wọ́n gbé ìgò ńlá kan tì mí, wọ́n ní gbogbo ìtọ̀ tí mo bá tọ̀ tọ̀sán tòru, inú rẹ̀ ni kí n máa tọ̀ ọ́ sí, kí ẹyọ ẹ̀kán kan má ṣòfò. Wọ́n ń ṣọ́ ọ bí ẹni ń ṣọ́ epo. Ìgbà tí Ìyá Àgbà gbọ́ nílé, ó ní ó ti yé òun, wọ́n ń tà á ni.

Dókítà tó ń tọ́jú mi, ọmọ Ìjẹ̀bú kan tí kì í kánjú, jókòó tì mí, ó ṣàlàyé. Ó ní lórí kíndìnrín kọ̀ọ̀kan, ohun kékeré kan wà tó dé e bí fìlà. Oje tó ń ti ibẹ̀ wá ló ń fún ara lágbára láti dìde. Ní ìdájí, kí àáfà tó pe ìrun, á tú jáde púpọ̀. Bí oòrùn bá ń lọ, á máa dín kù. Bó bá di ọ̀gànjọ́, á fẹ́rẹ̀ẹ́ dákẹ́ kí èèyàn lè sùn. Nǹkan kan wà lábẹ́ ọpọlọ tó ń ránṣẹ́ sí àwọn méjèèjì, tó ń sọ ìgbà tí wọ́n á ṣiṣẹ́ àti ìwọ̀n tí wọ́n á tóbi mọ. Ó ní ti ọwọ́ òsì mi ti yọ kókó. Kókó náà kò gbọ́ràn sí ẹnikẹ́ni lẹ́nu mọ́, tọ̀sán tòru ló ń tú oje. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà ní àárọ̀ àti èyí tí wọ́n gbà ní alẹ́, bákan náà ni wọ́n rí. Orí sì rí i pé oje ti pọ̀ jù, kò ránṣẹ́ mọ́. Ti ọwọ́ ọ̀tún tí kò rí ìránṣẹ́, ó sùn, ó sì súnkì.

Mo ní, “Dókítà, mo mọ ilé yẹn. Ilé olórogún ni. Ìyálé ò kúrò nídìí ààrò, ìyàwó kékeré sùn títí apá rẹ̀ fi gbẹ.”

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni.

“Ẹ bá mi lé ìyálé jáde.”

“A máa lé e. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé pé ìyàwó kékeré ṣì ń sùn o. Yóò pẹ́ kó tó jí. Oògùn ni yóò máa bá yín se oúnjẹ títí yóò fi jí.”

Ẹ̀rù bà mí kí wọ́n tó gbé mi wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, mi ò ní purọ́ fún yín. Mo fi Mùsílíù lé bàbá rẹ̀ lọ́wọ́, mo ka kálímátù, ẹ̀rí ìgbàgbọ́ mi, mo sùn. Ìgbà tí mo jí, mo ṣì wà láyé. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn ni wọ́n gbà wọlé, kókó tí wọ́n yọ tó àgbálùmọ̀. Ìyá Àgbà wá kí mi, ó rí ibi tí wọ́n dì, ó kọjú sí ọkọ mi.

Ó ní, “Ṣé ẹ rí i? Mo ní ẹ̀yìn ló wà.”

Mo bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín dùn mí lójú ọgbẹ́.

Wọ́n fún mi ní oògùn oníhóró lọ sílé. Èyí tó pọ̀, kí n lò ó bí mo bá ti jí. Díẹ̀ lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Ní alẹ́, kí n má lò ó. Nọ́ọ̀sì tún un sọ fún mi, ó sọ ọ́ fún ọkọ mi, ó sọ ọ́ fún Ìyá Àgbà: kò gbọdọ̀ fo ọjọ́ kan. Bí mo bá ń bì, tàbí tí ibà mú mi, kí wọ́n gbé mi padà kíá. Ara mi bẹ̀rẹ̀ sí í fọn padà. Ọrùn mi jáde láti ibi tó sá sí, irùngbọ̀n rẹ̀ dànù, mò ń sùn. Mo tún ra bàsíà díẹ̀, mò ń tà wọ́n níwájú ilé.

Ààwẹ̀ wá dé. Àáfà wa sọ ọ́ níwájú gbogbo èèyàn pé aláìsàn kò ní ààwẹ̀, kí n máa bọ́ tálákà dípò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni aláìsàn? Èmi tí mò ń rìn, tí mò ń tajà, tí Ọlọ́run dá sí? Ojú ń tì mí láti máa gbé omi mì lọ́sàn-án láàrin àwọn tó ń gbààwẹ̀, mo sì fẹ́ dúpẹ́. Ni mo bá fi ọgbọ́n ọlọ́jà sí i. Gbogbo hóró oògùn ọjọ́ kan, mo kó wọn jọ di ìgbà ìṣínu. Mo ní iye rẹ̀ ṣáà pé. Ọjà tí a tà láàárọ̀ àti èyí tí a tà lálẹ́, owó kan náà ni.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Òru di ọ̀sán fún mi bí ti tẹ́lẹ̀, àárọ̀ sì di iṣẹ́. Mi ò lè ki sààrì bọ ẹnu. Ojú ń ṣú mi bí mo bá dìde. Mo ní ààwẹ̀ ni. Alẹ́ ọjọ́ kan, mo ṣínu, mo lo oògùn, mo bì wọ́n jáde tán pátá. Mo tún gba ààwẹ̀ ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, mò ń to abọ́ níwájú ilé, ilẹ̀ bá gbéra, ó wá bá mi. Mò ń gbọ́ ohùn wọn, ṣùgbọ́n mi ò lè dáhùn.

Obìnrin kan ní, “Ẹ má fi omi kàn án lẹ́nu, ààwẹ̀ ló wà.”

Mo gbọ́ ohùn Ìyá Àgbà. “Ààwẹ̀ ta ni? Ẹ bá mi la ẹnu rẹ̀.”

“Ìyá, ọ̀sán ni o, gbogbo èèyàn ló ń wò.”

“Kí wọ́n wò. Ọlọ́run tó ni ààwẹ̀ kò ní kí n fi ọmọ mi gbà á.”

Ó ti rún oògùn náà sínú omi oníyọ̀, ìka rẹ̀ ló fi ń tọ́ ọ sí mi lẹ́nu díẹ̀díẹ̀, ó ń nu ojú mi. Ọkọ̀ tó wá kó kòkó ni wọ́n fi gbé mi. Orí itan Ìyá Àgbà ni mo wà títí a fi dé Ìbàdàn, ó ń bá mi sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà kí n má baà sùn. Abẹ́rẹ́ àti omi tí wọ́n fà sí mi lára ló dá mi padà. Wọ́n ní bí kì í bá ṣe ìwọ̀nba tí ìyá náà fún mi, bóyá òkú ni wọn ì bá gbà wọlé.

Dókítà kò jágbe mọ́ mi. Ó ní, “Ìyá Mùsílíù, àárọ̀ ni ara ń wá oje yẹn, ẹ wá gbé e fún un lálẹ́. Bí ẹ bá sì ń lò ó lálẹ́, orí á rò pé ó ti tó, kò ní ránṣẹ́ ní ìdájí. Ta ló fẹ́ jí ìyàwó kékeré nígbà náà?”

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ní irú àìsàn yìí, bí wọ́n bá ní àárọ̀, àárọ̀ ni. Kì í ṣe ọjà.

Ó ti tó ọdún mélòó kan báyìí. Wọ́n ń dín oògùn náà kù díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀ àárọ̀, wọ́n ń gba ti alẹ́, títí wọ́n fi rí i pé méjèèjì ti yàtọ̀ síra. Ìyàwó kékeré ti jí, ó ti ń dáná fúnra rẹ̀. Láìpẹ́ yìí ni wọ́n ní kí n fi oògùn sílẹ̀, kí n ṣáà máa wá fún àyẹ̀wò. Nǹkan oṣù mi ti padà. Ọmọ kò tíì dé. Bó bá dé, iwájú ni yóò gbà.

Dókítà ní kí n má tíì gba ààwẹ̀ lọ́dún yìí, kí ara kọ́kọ́ lágbára. Mi ò jiyàn. A ń se oúnjẹ tálákà wa lójoojúmọ́. Bó bá di ọ̀sán, mo máa ń gbé àwo oúnjẹ tèmi jáde síwájú ilé, mi ò wọ yàrá lọ jẹ ẹ́. Ìyá Àgbà á gbé àpótí rẹ̀ wá, á jókòó tì mí pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, ètè rẹ̀ gbẹ, òun ń gbààwẹ̀ ní tirẹ̀. Á máa wo gbogbo ẹni tó ń kọjá lójú, títí n ó fi jẹun tán.